Jesse Helms ti kú, òfin rẹ̀ ò kú

Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, Jesse Helms, sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ North Carolina nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Washington Post. Ohun tó kọ síbẹ̀ ya tọ̀tá tọ̀rẹ́ lẹ́nu. Ó ní òun fẹ́ kí ìjọba Amẹ́ríkà fi 500 mílíọ̀nù dọ́là kún owó tí wọ́n ń ná lórí àrùn éèdì, kí àwọn aláboyún tó ní kòkòrò HIV, pàápàá nílẹ̀ Áfíríkà, má baà kó o ran ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí. Ẹni tó ń sọ èyí ni ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé ọwọ́ ara wọn ni àwọn tó ní éèdì fi fà á, ẹni tó fi owó ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà ń fi ránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè wé owó tí wọ́n ń dà sínú ihò eku. Ní oṣù tó ṣáájú, níbi ìpàdé kan tí àwọn Kristẹni ṣe lórí ọ̀rọ̀ éèdì, ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé ojú ń ti òun nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ tí òun ṣe.

Nígbà tó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2008, ní ẹni ọdún 86, ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ̀wé nípa rẹ̀ jókòó sí. Àwọn kan ní bàbá ti ronú pìwà dà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Àwọn mìíràn ní ìrònúpìwàdà tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ní láárí. Lójú tèmi, apá méjèèjì ń fi ẹnu jà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Aṣòfin ni Helms, ọgbọ̀n ọdún gbáko ló sì fi ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó sọ jáde, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, ti bá atẹ́gùn lọ. Èyí tó fi sínú ìwé òfin kò bá atẹ́gùn lọ. Ó ṣì ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn èèyàn tí wọn ò tíì bí nígbà tó kọ ọ́, àwọn míì lára wọn sì wà nílẹ̀ wa níbí. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ìwé òfin ló yẹ ká ṣí kí á tó dá Helms láre tàbí lẹ́bi, ká wo ohun tó kọ síbẹ̀, ká sì wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti pa èyíkéyìí rẹ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ yí padà.

Ọdún 1921 ni wọ́n bí i ní Monroe, ìlú kékeré kan tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó wọ yunifásítì, kò parí rẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ló gbé e dìde. Láti 1960 sí 1972, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WRAL ní ìlú Raleigh ń gbé èrò rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sọ sì tó bíi 2,700. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn èèyàn dúdú ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ń jà kí wọ́n lè dìbò, kí wọ́n lè jẹun níbi tí òyìnbó ti ń jẹun, kí ọmọ wọn sì lè wọ ilé ìwé kan náà pẹ̀lú ọmọ òyìnbó. Helms takò wọ́n láìsinmi. Ó ní òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti ọdún 1964 léwu, ó sì ní àwọn kọ́múníìsì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ Martin Luther King. Fún àwọn òyìnbó tí ọkàn wọn ò balẹ̀ sí ìyípadà tó ń bọ̀, ohùn rẹ̀ di ohùn ará ilé. Lọ́dún 1970 ó kúrò nínú ẹgbẹ́ Democrat, ẹgbẹ́ tí àwọn òyìnbó gúúsù ti ń bá bọ̀ láti ayé àwọn bàbá wọn, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ Republican. Lọ́dún 1972 ó jáde fún ipò sẹ́nétọ̀. Nick Galifianakis, ọmọ àwọn tó ṣí wá láti ilẹ̀ Gíríìsì, ni wọ́n jọ fagagbága, làwọn èèyàn Helms bá ń pariwo kiri pé ọ̀kan lára wa ni Helms. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ. Ó wọlé, ó sì di Republican àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ náà dìbò rán lọ sí Ilé Aṣòfin Àgbà láàárín ọ̀rúndún náà.

Nígbà tó dé Washington, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ ló sọ ọ́ di alágbára. Ńṣe ló lọ kọ́ṣẹ́. Sẹ́nétọ̀ James Allen láti Alabama, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú òfin tí wọ́n fi ń darí ìjókòó ilé, ló kọ́ ọ. Nílé yẹn, sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo lè dìde kó so gbólóhùn kan mọ́ àbá òfin tí kò bá a tan rárá: kí ilé máa jíròrò lórí owó ìná, kí ó so ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ éèdì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ó lè ní kí wọ́n pe orúkọ gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oníkálùkù dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí Helms ń ṣe gan-an nìyí, lọ́sẹ̀ dọ́sẹ̀. Á kọ gbólóhùn rẹ̀ lọ́nà tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dà bí ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ìwà ìbàjẹ́. Tó bá borí, ó di òfin. Tí kò bá borí, àkọsílẹ̀ orúkọ ti wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Congressional Club, á kọ lẹ́tà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé káàkiri Amẹ́ríkà pé ẹ wá wo ohun tí àwọn aṣòfin yín dìbò fún, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi dọ́là díẹ̀ ti ìjà yìí lẹ́yìn. Yálà ó borí tàbí kò borí, owó ń wọlé. Àwọn oníròyìn sọ ọ́ ní Sẹ́nétọ̀ Rárá, inú rẹ̀ sì dùn sí i, nítorí orúkọ yẹn ò jẹ́ kí wọ́n rí iye òfin tí ọkùnrin náà ń kọ.

Kò tíì pé ọdún kan lórí àga nígbà tó ṣe èyí tó pẹ́ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1973, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a lẹ́jọ́ pé obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́ oyún. Apá Helms ò ká ìdájọ́ náà nílé, ló bá yíjú sí òde. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, gbólóhùn kan tó so mọ́ òfin ìrànwọ́ sílẹ̀ òkèèrè ti di òfin: wọn ò gbọ́dọ̀ fi owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà sanwó oyún ṣíṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi rọ ẹnikẹ́ni láti ṣe é. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá fi èyí wé ohun tí Ààrẹ Ronald Reagan ṣe lọ́dún 1984. Reagan fi àṣẹ ààrẹ dí owó ìfètòsọ́mọbíbí mọ́ ẹgbẹ́ èyíkéyìí nílẹ̀ òkèèrè tó bá ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́, kódà bó jẹ́ owó ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Clinton fagi lé e lọ́dún 1993. George W. Bush dá a padà lọ́dún 2001. Obama fagi lé e, Trump dá a padà, Biden fagi lé e, Trump tún dá a padà lọ́dún 2025. Àṣẹ ààrẹ kì í pẹ́ ju ààrẹ lọ. Gbólóhùn Helms ńkọ́? Láti ìgbà Nixon, ààrẹ mẹ́wàá ló ti jókòó lórí àga, kò sí èyí tó lè fọwọ́ kàn án, nítorí òfin ni, Ilé Aṣòfin nìkan ló lè yí i. Kódà ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó bí i nínú lọ́dún 1973 ti pa rẹ́: ilé ẹjọ́ kan náà ló dà á nù ní oṣù Kẹfà ọdún 2022. Gbólóhùn tí ìbínú yẹn bí kò pa rẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé, Mùsùlùmí àti Kristẹni, ni yóò gbà pẹ̀lú Helms lórí oyún ṣíṣẹ́, n kò sì bá wọn fa ìyẹn. Ohun tí mò ń tọ́ka sí yàtọ̀. Gbólóhùn náà kò mẹ́nu ba obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, kò mẹ́nu ba aláboyún tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́. Ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí nìkan ló dárúkọ. Síbẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn tó ń pín owó náà débi pé wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di èèwọ̀. Àwọn obìnrin tí èyí kàn, ní Áfíríkà àti Éṣíà, kò dìbò fún Helms rí, wọn ò sì lè dìbò yọ ọ́. Bí aṣòfin kan bá ń ṣòfin lé orí ẹni tí kò lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí á fi ojú tó le wo iṣẹ́ rẹ̀ ju bí à ṣe ń wo iṣẹ́ ẹni tó ń kọ òfin fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ éèdì ló fi èyí hàn jù. Lọ́dún 1987, nígbà tí jìnnìjìnnì àrùn náà gba ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Helms so gbólóhùn kan mọ́ àbá ìnáwó pé kí ìjọba fi HIV kún àwọn àrùn tí kì í jẹ́ kí àjèjì wọ Amẹ́ríkà. Wọ́n pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni 96 ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹnì kan tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn Democrat tó kórìíra Helms bí ìgbẹ́ wà lára wọn. Lọ́dún 1993, nígbà tí Clinton fẹ́ gbé ìdènà náà kúrò, Ilé Aṣòfin fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di òfin, kí ààrẹ má baà rí i mú. Ìpàdé àgbáyé lórí éèdì tó yẹ kó wáyé ní Boston lọ́dún 1992 ni wọ́n gbé lọ sí Amsterdam nítorí òfin yìí, ogún ọdún gbáko ló sì gbà kí ìpàdé náà tó padà sílẹ̀ Amẹ́ríkà. Oníṣègùn tó mọ̀ nípa àrùn náà ju gbogbo ayé lọ, bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kòkòrò náà lára, kò lè wọlé, àfi tí wọ́n bá fún un láàyè pàtàkì. Ẹni tó bá ní Helms nìkan kọ́ ló ṣe é sọ òótọ́, mi ò sì jẹ́ sọ pé àwọn 95 yòókù mọ́. Ṣùgbọ́n òun ló gbé e wá, òun ló sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù ìbò tó ń bọ̀ yóò sọ ọ̀pọ̀ di bẹ́ẹ̀ ni. Ìmọ̀ yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀.

Kúbà ni ẹ̀rí mìíràn. Láti ayé Kennedy ni Amẹ́ríkà ti fòfin de òwò pẹ̀lú erékùṣù náà, àmọ́ àṣẹ ààrẹ ló gbé e ró, ààrẹ sì lè tú u. Ní oṣù Kejì ọdún 1996, ọkọ̀ òfuurufú ogun Kúbà já ọkọ̀ kéékèèké méjì tí àwọn ọmọ Kúbà tó wà ní Miami ń fò bọ́, èèyàn mẹ́rin sì kú. Helms ti gbé àbá òfin kan dání pẹ̀lú Dan Burton ti ìpínlẹ̀ Indiana, Clinton ò fẹ́ ẹ. Ìbínú ikú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ló gbé e kọjá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, Clinton buwọ́ lù ú. Láti ọjọ́ náà, ìfòfindè ti kúrò lọ́wọ́ ààrẹ. Nígbà tí Obama dá àjọṣe padà pẹ̀lú Kúbà lọ́dún 2015, tó tún lọ sí Havana fúnra rẹ̀ ní 2016, gbogbo ayé rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Obama ṣí ilé aṣojú ìjọba, kò lè ṣí ọjà. Apá kan nínú òfin Helms àti Burton, èyí tó jẹ́ kí ọmọ Amẹ́ríkà lè pe ilé iṣẹ́ tó bá ń lo dúkìá tí ìjọba Castro gbẹ́sẹ̀ lé lẹ́jọ́, ni ààrẹ kan sí èkejì ti ń sún síwájú fún ọdún 23. Oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni Trump jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Helms sì ti lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá nínú ilẹ̀ nígbà náà. Ní Havana àti Matanzas, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Lùkùmí bọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí ọ̀wọ́n oògùn àti oúnjẹ ń bá fínra. Ìwà ìjọba Kúbà fúnra rẹ̀ dá kún ìyà wọn, mi ò sẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ààrẹ Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ti bá ilẹ̀kùn ní títì, Helms sì ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ibi tó ti pàdánù, nítorí ibẹ̀ ló ti pariwo jù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1983, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gígùn dí àbá tó fẹ́ sọ ọjọ́ ìbí Martin Luther King di ọjọ́ ìsinmi. Ó pín ìdì ìwé kan tó ní ó fi hàn pé King bá kọ́múníìsì rìn. Sẹ́nétọ̀ Moynihan ti New York ju tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àbá náà kọjá, 78 sí 22. Lọ́dún 1986, ó takò òfin tó fẹ́ fìyà òwò jẹ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa. Reagan kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ilé sì fi ìbò 78 sí 21 borí Reagan. Lọ́dún 1993, ó fẹ́ kí wọ́n tún ẹ̀tọ́ àmì ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ṣe, àmì tí àsíá àwọn tó jagun nítorí àtimáa kó ẹrú wà lára rẹ̀. Ìbò àkọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, 52 sí 48. Carol Moseley Braun, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó di sẹ́nétọ̀, dìde, ó bá ilé sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àsíá yẹn jẹ́ lójú àwọn tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú. Nígbà tí wọ́n tún dìbò, 75 sí 25 ni wọ́n fi ti àbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbi tí gbogbo ayé bá ti ń wò, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì wà nínú ilé láti dáhùn, Helms máa ń ṣubú. Aláboyún ilẹ̀ òkèèrè àti àjèjì tó ní HIV kò ní ẹni tó máa dìde fún wọn nínú ilé yẹn.

Ìgbà míì wà tí kò tilẹ̀ nílò òfin. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń ṣe ẹjọ́ North Carolina àti ìpínlẹ̀ mẹ́rin mìíràn kò tíì ní adájọ́ dúdú kankan rí nígbà náà. Clinton yan James Beaty lọ́dún 1995, ó yan James Wynn lọ́dún 1999, ọmọ dúdú North Carolina ni àwọn méjèèjì. Àṣà ilé ni pé sẹ́nétọ̀ tó wá láti ìpínlẹ̀ ẹni tí wọ́n yàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Helms ò fọwọ́ sí i. Kò sí ìbò, kò sí àwíjàre, ìwé ṣáà wà níbi tó wà. Wynn padà dé orí àga náà lọ́dún 2010, lẹ́yìn tí Obama tún un yàn.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ẹjọ́ tí wọ́n máa ń rò, kò sì yẹ kí á fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn èèyàn rẹ̀ ló rán an níṣẹ́. Ìgbà márùn-ún ló díje, ìgbà márùn-ún ló wọlé. Wọ́n ní ẹni tó bá kàn sí ọ́fíìsì rẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, dúdú tàbí funfun, rí ìdáhùn. Wọ́n ní òun àti ìyàwó rẹ̀ gba ọmọkùnrin kan tó ní àléébù ara tọ́ bí ọmọ. Mo gbà. Olóṣèlú lè ṣèèyàn nínú ilé, kó sì kọ òfin tó burú ní ọ́fíìsì. Ní ti pé àwọn èèyàn rẹ̀ rán an níṣẹ́, ẹ wo iye ìbò. Kò fìgbà kan gba ju ìdá 55 nínú 100 lọ. Lọ́dún 1990, Harvey Gantt, ọkùnrin dúdú tó ti jẹ́ olórí ìlú Charlotte, fẹ́ lé e bá. Bí ìdìbò ṣe ku ọjọ́ díẹ̀ ni ìpolówó kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n: ọwọ́ òyìnbó méjì mú lẹ́tà tí wọ́n fi sọ fún un pé kò ríṣẹ́, ohùn kan ní ẹ̀yin ni iṣẹ́ náà tọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe òyìnbó ni wọ́n gbé e fún, ọwọ́ náà sì rún lẹ́tà mọ́lẹ̀. Nínú ìpínlẹ̀ tí ìdá kan nínú márùn-ún èèyàn ibẹ̀ jẹ́ dúdú, Helms ò wá ìbò wọn, ẹ̀rù wọn ló fi wá ìbò àwọn yòókù. Ẹni tó bá rí ìdajì àti díẹ̀ gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí àga. Ìyẹn ò sọ pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló rán an.

Èkejì ni pé ayé ìgbà náà ló rí bẹ́ẹ̀, pé gbogbo òyìnbó gúúsù tí wọ́n bí nígbà yẹn ló ń ronú bíi tirẹ̀. Strom Thurmond ti South Carolina fi nǹkan bí ọdún 19 ju Helms lọ. Òun ló gbé àpótí ìbò ààrẹ lọ́dún 1948 nítorí kí dúdú àti funfun má baà pọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ King dé lọ́dún 1983, Thurmond dìbò fún un. George Wallace, gómìnà Alabama tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn yunifásítì mọ́ ọmọ dúdú, tọrọ àforíjì ní gbangba nígbà ogbó rẹ̀, àwọn èèyàn dúdú sì wà lára àwọn tó dá a padà sípò lọ́dún 1982. Bóyá ọgbọ́n òṣèlú ló fa tiwọn, ta ló mọ ọkàn? Àwọn náà kúkú ṣe é. Helms kọ ìwé ìtàn ayé ara rẹ̀ lọ́dún 2005. Ó gbà níbẹ̀ pé òun ṣì í lórí éèdì, ṣùgbọ́n lórí ìjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tó wá láti ìta láti da ìlú rú ló ṣì ń dá lẹ́bi.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù, òun náà ló sì kàn wá. Wọ́n ní èyí tó ṣe lọ́dún 2002 gba ẹ̀mí là ju èyí tó bàjẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Bush kéde 500 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn ìyá àti ọmọ wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2003, ó kéde ètò PEPFAR, 15 bílíọ̀nù dọ́là fún ọdún márùn-ún, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ mú. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé ètò náà ti gba ẹ̀mí tó lé ní mílíọ̀nù 25 là. Àwọn èèyàn ń bẹ ní ìlú wa tí wọ́n ń gba oògùn wọn lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí rẹ̀. Nígbà tí Bono olórin àti oníwàásù Franklin Graham lọ bá Helms, ohun tí wọ́n ń wá ni àṣẹ rẹ̀ lórí àwọn Kristẹni tí wọ́n ń ka éèdì sí ìyà ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì rí i gbà. Bí Helms bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà PEPFAR le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ìyẹn kò jámọ́ nǹkan kan, kó lọ sọ ọ́ fún ìyá tó bí ọmọ tí kò ní kòkòrò.

Àmọ́ ẹ tún wo inú ìwé òfin ní àsìkò PEPFAR yẹn. Amẹ́ríkà ń rán oògùn wá fún ọmọ Nàìjíríà tó ní HIV. Òfin Amẹ́ríkà ní ọmọ Nàìjíríà yẹn kan náà ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òun. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìdènà yẹn wá sílé ni ẹni tó ń kọ̀wé sínú Washington Post nípa àánú. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so gbólóhùn mọ́ àbá òfin tó o nílé náà. Láti oṣù Kẹta ọdún 2002 tó fi kúrò lórí àga ní oṣù Kìíní ọdún 2003, oṣù mẹ́wàá ló ní. Ó lo àkókò náà láti bẹ̀bẹ̀ fún owó, mo sì dúpẹ́ fún owó náà. Ìdènà wà níbi tó wà. Ìgbà tí Ilé Aṣòfin ń fa ètò PEPFAR gùn ní oṣù Keje ọdún 2008 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú òfin, oṣù tí Helms kú gan-an, wọ́n sì so ó mọ́ àbá náà bí òun náà ṣe máa ń so tirẹ̀. Ìjọba Obama ló parí ètò tó kù, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2010. Ojú tó ń ti Helms lọ́dún 2002 kì í ṣe irọ́, èmi gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n aṣòfin tí ojú bá ń tì ní kálámù lọ́wọ́, Helms sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.